Ewé Gbígbẹ fún Ìkórè

Ẹnu mi ló kó bá mi. Níbi ìpàdé àwọn obìnrin ìjọ wa ní Dagenham, wọ́n ní kò sówó òdòdó fún ìkórè lọ́dún yìí, torí òrùlé gbọ̀ngàn tí à ń lò ti jò, àtúnṣe rẹ̀ sì ti gbọ́n àpò ìjọ gbẹ. Àwọn kan ní ká tún gbé òdòdó oníke ti èṣí jáde. Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní pẹ̀lú eruku tó wà lára òdòdó yẹn, ṣé Ọlọ́run ò ní sín?

Ìyá Ìjọ ò tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ó dáa, Sister. Since you know better, ìwọ ni kó o ṣe decoration ìkórè yìí. God will strengthen you."

Bí mo ṣe di ẹni tó ń gbé àpò kiri Parsloes Park nìyẹn. Ìgbà ìwọ́wé ni, ewé pupa àti ewé tó pọ́n bí ìyeyè sì wà nílẹ̀ lọ rẹrẹ, ọ̀fẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Mo ṣa ewé, mo ṣa ẹ̀ka wẹ́wẹ́, mo sì ṣa kóńkà, èso dídán tí àwọn ọmọdé ibí máa ń fi ṣeré, tòun ti èèpo ẹlẹ́gùn-ún rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Màmá mi ni kò jẹ́ kí n fi iṣẹ́ náà ṣeré. Oṣù díẹ̀ ṣáájú ni Bàbá kú n'Ìjẹ̀bú, mo sì mú Màmá wá sọ́dọ̀ wa kí wọ́n má baà dá gbélé. Nígbà àìsàn Bàbá, wọ́n gbààwẹ̀, wọ́n tan àbẹ́là, wọ́n gbàdúrà títí ohùn wọn fi há. Síbẹ̀, Bàbá lọ. Láti ìgbà náà, Màmá tí wọ́n bí sínú ìjọ aláṣọ funfun kò tan àbẹ́là mọ́, wọn ò sì yà sí ṣọ́ọ̀ṣì. Tí a bá ń lọ lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n á ní ká bá wọn kí àwọn èèyàn. Ẹ̀rù ń bà mí pé tí ìkórè bá kọjá tí wọn ò wá, wọn ò ní padà mọ́ láyé wọn.

Orí tábìlì ìdáná ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi abẹ́rẹ́ gún ewé mọ́ òwú. Bí mo ṣe ń gún un ló ń rún mọ́ mi lọ́wọ́. Màmá jókòó, wọ́n ń wò mí.

"Nílé, gbígbá là ń gbá ewé gbígbẹ ká tó bọ́jú láàárọ̀. Òun lẹ fẹ́ gbé fún Ọlọ́run?"

"Màmá, ohun tí ilẹ̀ ibí bá mú jáde làwa náà ń gbé wá."

"Ilẹ̀ ibí náà ti kú nìyẹn."

Ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Nígbà tí ewé mìíràn tún rún, Màmá pòṣé, wọ́n gòkè lọ sí yàrá wọn, wọ́n sì gbé páálí àbẹ́là funfun tí wọ́n kó ti Nàìjíríà wá sọ̀kalẹ̀. Mo rò pé àdúrà ti dé. Kàkà bẹ́ẹ̀, wọ́n dá àbẹ́là náà sí wẹ́wẹ́ sínú ìkòkò àlòkù kan, wọ́n sì gbé e sínú omi gbígbóná.

Wọ́n ní, "Kí ni mo tún fẹ́ fi wọ́n ṣe?"

Nígbà tó yọ́, wọ́n di ewé mú ní ìdí, wọ́n rì í sínú rẹ̀, wọ́n gbọ̀n ọ́n, wọ́n tẹ́ ẹ sórí ìwé ìròyìn. Àwọ̀ ewé náà tàn, kò sì rún mọ́. A ń rì í, a ń tẹ́ ẹ, títí tábìlì fi kún. Màmá déédéé sọ pé, "Bàbá rẹ ì bá ti bèèrè pé ẹran ọbẹ̀ ewé yìí dà." Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín.

Mo rọra bèèrè bóyá wọn ó bá wa lọ. Wọ́n ní, "Mo bá ọ ṣe ewé. Mi ò sọ pé mo fẹ́ dúpẹ́."

Lọ́jọ́ Sátidé, mo fi ewé náà kọ́ ojú fèrèsé àti iwájú pẹpẹ, ó sì dára. Ó yẹ kí n fi mọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi alásejù, mo tún to kóńkà pẹ̀lú èèpo rẹ̀ sílẹ̀ lápá ọ̀tún àti òsì ọ̀nà àárín, láti ẹnu ọ̀nà dé iwájú pẹpẹ. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo sì fi yangàn fún Màmá nígbà tí mo délé. Wọ́n gbé fóònù náà súnmọ́ ojú.

"Kí ló wà nílẹ̀ yìí?"

"Èèpo kóńkà ni, Màmá. Ó rẹwà, àbí?"

"Níbo làwọn èèyàn ń bọ́ bàtà sí ní ṣọ́ọ̀ṣì yín?"

Mo tún fọ́tò náà wò. Ẹnu ọ̀nà ni.

"Ọmọ tí wọ́n bí sínú aláṣọ funfun, ló wá lọ tẹ́ ẹ̀gún sọ́nà ẹlẹ́sẹ̀ lásán! Tí a bá ń jó lọ síwájú, ta ló ń wolẹ̀?"

Mo ní màá tètè lọ gbá a láàárọ̀. Wọ́n ní mi ò ní rí gbogbo rẹ̀, ojú mi ò mú nǹkan. Nígbà tí mo jí, Màmá ti wọ aṣọ funfun wọn, wọ́n jókòó sórí àga nítòsí ilẹ̀kùn. Mo la ẹnu, wọ́n nàka sí mi. "Ẹ̀gún ni mo ń lọ ṣà o. Má bẹ̀rẹ̀ ariwo rẹ."

Wọ́n ṣà á lóòótọ́. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ nu ilẹ̀ kiri, torí wọ́n ní ìgbálẹ̀ kì í mọ ohun tó bá há sínú kápẹ́ẹ̀tì. Kí wọ́n tó ṣe tán, ìsìn ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n bá jókòó sẹ́yìn pátápátá. Mi ò bojú wẹ̀yìn, kí wọ́n má baà sá.

Nígbà tí wọ́n pe ìdílé wa fún ìdúpẹ́, èmi àti ọkọ mi ń jó lọ síwájú. Nígbà tí a kúnlẹ̀, mo rí i pé Màmá ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Wọn ò jó. Ńṣe ni wọ́n rìn wá.

Bàbá Olùṣọ́ ìjọ wa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Màmá, ẹ káàbọ̀. Kí ni ká bá yín dúpẹ́ fún?"

Màmá ní, "Mi ò tíì rí i, Bàbá. Mò ń bínú sí Ọlọ́run. Mo bẹ̀ Ẹ́ nítorí ọkọ mi, kò dá mi lóhùn. Mo ti ń bá A bínú láti ilé. Mo ní kí n wá máa bínú níwájú Rẹ̀."

Ẹnikẹ́ni ò ké halelúyà. Bàbá Olùṣọ́ tí ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu wọn kúnlẹ̀ ti Màmá. Èmi àkọ́bí, tí mo ṣètò ìsìnkú, tí mo bọ́ àlejò, tí mo sì padà sẹ́nu iṣẹ́ láìsọ omijé kan sílẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ sunkún bàbá mi.