Owó Tí Ẹnikẹ́ni Kò Fẹ́ Takò

Alátakò ni gbogbo ilé-ìwé ń pè é, orúkọ náà sì bá a mu bí ọmọrí ṣe ń bá ìkòkò mu.

Láti kékeré ni. Bí ìyá rẹ̀ bá ní kó wá jẹun, á béèrè pé ta ló sọ pé ebi ń pa òun. Bí ìyá bá gbé oúnjẹ kúrò nílẹ̀, á tún béèrè pé ta ló sọ pé òun ti yó. Nígbà tó dàgbà, tó rí ọmọge aránṣọ kan tó wù ú, ó ní kó fẹ́ òun. Ọmọge náà ní òun gbà. Gbígbà tó gbà wàrà bẹ́ẹ̀ kò tẹ́ ọkùnrin wa lọ́rùn. Ó fa àga, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í to ìdí sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan tí obìnrin tó lọ́pọlọ kò fi gbọdọ̀ fẹ́ tíṣà. Ọmọge ń rán aṣọ rẹ̀ lọ, píìnì wà lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ tán, ó yọ píìnì lẹ́nu.

“Mo ti gbọ́,” ló wí. “Ìgbà wo ni ká ṣe é?”

Ìyẹn nìkan ni iyàn tí Alátakò pàdánù láyé rẹ̀, ó sì ń dúpẹ́ pé òun pàdánù rẹ̀.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ wo ló tún kù fún un bí kò ṣe kó máa kọ́ ọmọ ní àríyànjiyàn? Òun ló ń darí ẹgbẹ́ aláríyànjiyàn ní ilé-ìwé girama kan, nínú yàrá tó fara ti yàrá sáyẹ́ǹsì. Bí àwọn tó wà lódìkejì ògiri bá ti po nǹkan pọ̀ lódì, àwọn ọmọ rẹ̀ á máa wúkọ́ láàárín ọ̀rọ̀. Bíríkì ló ń gbé ẹsẹ̀ tábìlì kan dúró. Síbẹ̀, inú yàrá yìí ni àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin ti jáde lọ́dún náà, tí wọ́n fẹnu gbé gbogbo ilé-ìwé àyíká ṣánlẹ̀, tí wọ́n sì wọ ìdíje àṣekágbá ní ìlú ńlá kan tó jìnnà. Owó ọkọ̀ ni kò sí. Àjọ tó ń fún ẹgbẹ́ lówó ti pa ọwọ́ dé, kò sì sọ ìdí. Ọ̀gá àgbà ilé-ìwé ti ń mú téèpù wọ yàrá náà, ó ń wọn ògiri.

“Ẹ má dá mi lóhùn,” á wí. “Mo kàn ń wò ó bóyá á gba àwọn àga tó ti kán ni.”

Ó yé gbogbo ènìyàn. Bí àwọn ọmọ náà kò bá lọ, ẹgbẹ́ kú nìyẹn, àga kíkán ni yóò jogún yàrá.

Ìgbìmọ̀ kan ló ń ṣàkóso ẹgbẹ́. Olóògbé tó dá a sílẹ̀ fi òfin kan ṣoṣo lé wọn lọ́wọ́: ìpinnu kankan kò lè fìdí múlẹ̀ àfi bí ẹnìkan bá kọ́kọ́ takò ó tọkàntọkàn. Ó ní ìpinnu tí a kò takò dà bí afárá tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbà kọjá. Bàbá Agogo, àgbà tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ló ń ṣọ́ òfin náà. Agogo ọwọ́ kan wà níwájú rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ẹni tó ń takò kò bá tọkàn wá, á lù ú. Iṣan ọrùn ló fi ń mọ̀. Bí iṣan kò bá yọ, irọ́ ni.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá a yí. Nígbà kan tí ooru mú, wọ́n fẹ́ ṣí fèrèsé. Ẹni tí wọ́n yàn láti takò ó borí, fèrèsé náà kò sì ṣí mọ́ títí dòní. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn kú, wọ́n ní láti jiyàn bóyá kí wọ́n lọ bá ìdílé rẹ̀ kẹ́dùn. Ẹni tó takò béèrè bóyá olóògbé gba àṣẹ ìgbìmọ̀ kó tó kú. Díẹ̀ báyìí ló kù kí ìbánikẹ́dùn pàdánù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé dúró nìyí tí Ìyá Oníbẹ́ẹ̀dì fi ránṣẹ́ pe Alátakò. Obìnrin náà ń ta fóòmù lẹ́bàá títì. Ó tò wọ́n kan àjà, orí èyí tó rọ̀ jù ló sì máa ń jókòó sí.

“Ọmọ mi kan kọjá lọ́wọ́ yín, Tíṣà,” ó wí. “Tẹ́lẹ̀, bí mo bá ní kó fọ abọ́, ẹkún ló ń sun. Ní báyìí, á to ìdí tí kò fi ní fọ̀ ọ́ sílẹ̀, ojú rẹ̀ á sì gbẹ táútáú. Abọ́ ṣì wà nílẹ̀ o, ṣùgbọ́n orí mi wú. Ẹ jẹ́ kí n san owó ọkọ̀ àwọn ọmọ yẹn.”

Díẹ̀ ló kù kí Alátakò dì mọ́ fóòmù.

Ìgbìmọ̀ péjọ nínú ooru. Ọ̀gá àgbà ni alága. Ó sọ ohun tí ìyá náà fẹ́ ṣe. Inú gbogbo wọn dùn.

“Ta ni yóò takò ó?” Bàbá Agogo béèrè.

Akápò rẹ́rìn-ín.

“Bàbá, owó ọ̀fẹ́ ni,” akápò wí. Ó ti pẹ́ tó ti jẹ́ akápò, kò sì tíì di kọ́bọ̀ mú rí. “Ta ló ń tako owó ọ̀fẹ́?”

“Bí ẹnikẹ́ni kò bá takò ó, a kò lè gbà á.”

Gbogbo ojú yí sí Alátakò.

“Ẹ má wò mí,” ó wí. “Èmi gan-an ni mo ń wá owó náà.”

“Ọrùn tìrẹ ló níṣan jù,” Bàbá Agogo dáhùn. “Akápò á gbèjà owó. Ká rí ara wa lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí ẹlẹ́bùn náà sì wà níbẹ̀.”

Nílé, ìyàwó rẹ̀ ń gé aṣọ lórí tábìlì.

“Ẹ ṣáà ní láti jẹ́ kí wọ́n borí yín,” ó wí.

“Màá jẹ́ kí wọ́n borí mi.”

“Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tí ẹ kò jẹ́ kí ìyá mi rí lúdò kan jẹ lórí ibùsùn àìsàn?”

“Màmá ń rẹ́ mi jẹ.”

“Wọn kò lè borí yín nígbà náà, olówó orí mi.”

Ọjọ́ pé. Alátakò dìde pẹ̀lẹ́, ó ní ó ṣeé ṣe, òun kò lè búra o, kí owó fóòmù máa mú ẹ̀yìn ro ni. Agogo dún. Ó tún un sọ lọ́nà mìíràn. Agogo tún dún.

“Ayédèrú,” Bàbá Agogo wí.

Kò sí ẹni tó pe iyàn Alátakò bẹ́ẹ̀ rí.

“Ẹ jẹ́ kí n bi yín,” ó wí. “Ẹni tó sùn lórí ibùsùn olóore, ṣé ó lè ní kí olóore dìde? Lọ́la, bí wọ́n bá ní kí àwọn ọmọ wa jiyàn pé fóòmù líle sàn ju rírọ̀ lọ, ẹnu ta ni wọn yóò fi sọ̀rọ̀? Tiwọn ni, àbí ti ẹni tó sanwó ọkọ̀? À ń kọ́ ọmọ kó lè wo ojú àgbà kó ní, mi ò gbà, mà. Ẹ wá fẹ́ tẹ́ tìmùtìmù sábẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Á rọ̀ o. Á dùn ún sùn. Ọmọ tó bá sì sùn sórí rẹ̀, kò ní jí títí ìdíje á fi parí.”

Iṣan ọrùn rẹ̀ ti le bí okùn ìfami. Bàbá Agogo gbé agogo sílẹ̀, ó ń nu ojú. Akápò dìde láti gbèjà owó, ó wò yíká, ó tún jókòó. Nígbà tí wọ́n dìbò, gbogbo ọwọ́ ló lọ sókè: kí wọ́n má gbà á. Ìyá Oníbẹ́ẹ̀dì, tí kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ìbò, na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Alátakò wo òkè, ó rí ọwọ́ kan tó ga ju tàwọn yòókù lọ. Ọwọ́ tirẹ̀ ni.

Ó sáré tẹ̀lé obìnrin náà dé ṣọ́ọ̀bù.

“Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ fún mi lówó náà ní bòńkẹ́lẹ́.”

“Tíṣà, ta ló ní ẹni tó sùn lórí ibùsùn olóore kò lè ní kí olóore dìde?”

“Èmi ni, mà.”

“Ṣé irọ́ lẹ pa ni?”

Ó la ẹnu kó ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò lè sọ ọ́. Òótọ́ ni.

Kò pẹ́ tí ọ̀gá àgbà fi pe ìpàdé mìíràn, láti pa ẹgbẹ́ rẹ́. Ó ti bá àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀, ẹnu wọn ti kò. Ohun tó kù ni kí ẹnìkan takò ó kí wọ́n lè dìbò.

“Màá takò ó,” Alátakò wí fún ìyàwó rẹ̀. “Màá sọ̀rọ̀ títí ògiri yóò fi gbọ́.”

“Ṣé ògiri ló ń dìbò?” Ó ń ti òwú bọ abẹ́rẹ́. “Bí ẹnikẹ́ni kò bá takò ó rárá ńkọ́?”

Ó wo ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ní kó fi orí sílẹ̀ nílé kó tó jáde. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìpàdé, obìnrin náà sìn ín dé ẹnu géètì ilé-ìwé pẹ̀lú ife omi. Ó ní kó bu ún sẹ́nu, kó má gbé e mì, kó má sì tu ú.

“Àríyànjiyàn kò wúlò fún ọmọ,” ọ̀gá àgbà wí, ojú rẹ̀ wà lára Alátakò. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Alátakò wú. “Àwọn ọmọbìnrin yẹn gan-an, oríire lásán ni wọ́n fi dé ibi tí wọ́n dé.” Iṣan ọrùn Alátakò yọ gbọọrọ. Bàbá Agogo rí i, ó tẹ́tí. Ẹ̀kán omi kan já bọ́ sórí kọ́là Alátakò. Omijé lé ròrò sójú rẹ̀. Kò sọ̀rọ̀.

“Tíṣà, ṣé ẹ gbà pé ẹ kò wúlò ni?” ọ̀gá àgbà béèrè.

Omi ru lẹ́nu rẹ̀. Kò sọ̀rọ̀.

Akápò rí i pé ìpàdé fẹ́ bàjẹ́, ó ní kí òun takò ó, kí wọ́n lè tètè lọ sílé. Bàbá Agogo wo ọrùn rẹ̀, ó lu agogo.

“Kò sí ẹni tó takò ó,” bàbá náà wí. “Pípa ẹgbẹ́ rẹ́ kò lè dúró.”

Ọ̀gá àgbà ká téèpù rẹ̀.

Níta, Alátakò tu omi sídìí òdòdó. Ìyàwó rẹ̀ ṣì wà ní géètì, òun àti Ìyá Oníbẹ́ẹ̀dì, pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù kan tí fóòmù kún inú rẹ̀.

“Wọ́n ní ẹ dákẹ́, Tíṣà,” ìyá náà wí. “Ó yà mí lẹ́nu. Owó lẹ takò lọ́jọ́sí, ẹ kò tako ọkọ̀. Ìlú tí wọ́n ti fẹ́ ṣe ìdíje yẹn ni mo ń kó ẹrù lọ. Àwọn ọmọ lè jókòó lórí rẹ̀.”

Àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin ti gun òkè. Ọ̀kan ń yán. Ọ̀kan ti na gbalaja, ó ti gbé apá lé ojú. Alátakò wò wọ́n, ó wo bí fóòmù ṣe ń rì díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ wọn, gbogbo ohun tó sọ níjọ́sí sì tò síwájú rẹ̀ ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, wọ́n ń dúró kó pè wọ́n. Iṣan ọrùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ.

Ìyàwó rẹ̀ na ife sí i. Ó gbà á, ó bu omi sẹ́nu.