Ta Ló Ń Lọ Bá ní Sátidé?

Tíṣà ni mí nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Adó-Èkìtì nígbà náà. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀. Láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, àwọn ọmọ kíláàsì kẹta ló ni mí. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, àwọn ará ilé tí mo háyà yàrá sí ló ni mí: yàrá mẹ́jọ, ẹnu ọ̀nà kan, kànga kan. Ní Sọ́ńdè, ẹgbẹ́ akọrin ló ni mí. Mo wò ó títí, n kò rí ọjọ́ kan tí mo jẹ́ tara mi. Ni mo bá mú ìrọ̀lẹ́ Sátidé, n kò sì tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Bí mo bá fọṣọ tán, tí mo máàkì ìwé àwọn ọmọ tán, n ó wẹ̀, n ó kun pàùdá, n ó wọ bàtà onígìgísẹ̀ gíga tí n kì í wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, n ó sì gba ọ̀nà Ọjà Ọba lọ. N ó kọ́kọ́ wo aṣọ tí n kò ní í rà. Lẹ́yìn náà n ó yà sí ilé oúnjẹ kan nítòsí gáréèjì, níbi tí ìyá kan ti ń ta ìrẹsì àti dòdò. N ó jókòó sídìí fèrèsé, n ó ní kí wọ́n bu àwo kan fún mi, pẹ̀lú ẹran méjì àti mínírà tútù kan. N ó rọra jẹun, n ó máa wo ọ̀nà. Kò sí ohun mìíràn níbẹ̀. Bí mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀ yìí náà ni mo ṣàlàyé rẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bi mí, kò sì sí ẹnìkan tó gbà mí gbọ́.

Ẹ sì mọ bí a ṣe ń ṣe é. Ẹni tó bá ń jẹun gbọ́dọ̀ ké sí ẹni tó ń kọjá pé, "Ẹ wá bá mi jẹun." Ẹni tó ń kọjá á ní, "Á gba ibi ire." Ó parí, kálukú á máa bá tirẹ̀ lọ. Èmi náà a máa ké sí wọn láti ojú fèrèsé, n ó rẹ́rìn-ín músẹ́, n ó sì máa gbàdúrà nínú pé kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni jẹ́ ìpè. Àdúrà náà ń gbà títí di ọjọ́ tí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa ń kọjá, tó gbọ́ ohùn mi, tó wọlé, tó sì fa àga. Ó jẹ ọ̀kan nínú ẹran méjì náà, ó sì bá mi sọ̀rọ̀ rẹ́gísítà títí oòrùn fi wọ̀.

Àwọn àgbà ní ènìyàn laṣọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọ aṣọ mẹ́jọ lé ara wọn nínú ooru, ẹ jẹ́ kó bọ́ díẹ̀ sílẹ̀ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i lára.

Wàhálà dé nígbà tí mo ní àfẹ́sọ́nà. Akọ̀wé ni ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, ọmọ Ìjàn, ènìyàn pẹ̀lẹ́ tí kì í gbé ohùn sókè. Mo fẹ́ràn rẹ̀, n kò ní í purọ́. Ó wù mí kí n fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n a kì í fẹ́yàwó lọ́dọ̀ wa láìṣe ìwádìí. Ìdílé ọkọ á rán ẹnìkan láti lọ wò ó bóyá wèrè wà nídìílé ìyàwó, bóyá olè wà níbẹ̀, bóyá ìyàwó fúnra rẹ̀ ń wo ojú ọkùnrin méjì. Àbúrò bàbá rẹ̀ ni wọ́n rán, ìyá kan tó ń ta iṣu ní Ìjàn, tó sì jẹ́ ọmọ ìjọ Àládùúrà. Ìyá náà wá bi àwọn ará ilé wa léèrè. Wọ́n ní n kì í jalè, n kì í jà, mo sì máa ń gbálẹ̀ nígbà tó bá kàn mí. Ó ku ẹyọ ohun kan péré: ní gbogbo Sátidé ni mo máa ń múra jáde, àwọn kò sì mọ ẹni tí mo ń lọ bá.

Sátidé tó tẹ̀lé e, ìyá náà tọ̀ mí lẹ́yìn. Ó fi ìborùn bo orí, ó sì rò pé n kò rí òun. A jọ wo aṣọ lọ́jà. Bí mo bá dúró, òun náà á dúró. Nígbà tí mo wọ ilé oúnjẹ, ó jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó ń retí ọkùnrin náà. Mo jẹun tán, ọkùnrin náà kò dé. Sùúrù ìyá tán, ó dìde wá bá mi.

"Ọmọ mi, kò mà wá," ló wí, bí ẹni tó ń bá mi kẹ́dùn.

"Ta ni, mà?"

"Ẹni tí ùwọ ń retí."

Mo ní n kò retí ẹnikẹ́ni.

"Ùwọ nìkan? Kí ló dé tí ùwọ kò jẹ uyán ní ulé?"

Mo ní iyán wà nílé lóòótọ́, ṣùgbọ́n èèyàn pọ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú. Ó wò mí, ó wo àwo mi. Ìbínú ló gbé wọlé tẹ́lẹ̀. Ìbẹ̀rù ló wà lójú rẹ̀ báyìí.

"Ì bá jẹ́ ọkùnrin ni," ló wí jẹ́jẹ́, "à bá mọ ohun tí a ó ṣe sí i."

Ó padà sí Ìjàn, ó sì sọ òótọ́, pé òun kò rí ọkùnrin kankan. Òótọ́ yẹn ló bà mí jẹ́. Wọ́n ní obìnrin kì í kun pàùdá lásán. Bí ojú kò bá rí ọkùnrin náà, a jẹ́ pé irú èyí tí ojú kì í rí ni. Ọkọ ọ̀run ni. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ta ló ni ẹran kejì? Wọ́n ní kí n wá sí ilé àdúrà wọn ní Ìjàn fún ọ̀sẹ̀ méje, kí wọ́n já mi gbà, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ kò ní í sí ìdána. Mo rẹ́rìn-ín títí, àfi ìgbà tí mo gbọ́ pé ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni wọ́n mú. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ ká fi sí Ọjọ́rú. Wọ́n ní Sátidé ni ẹ̀mí náà máa ń jáde.

Àfẹ́sọ́nà mi ní òun kò gba ọ̀rọ̀ ọkọ ọ̀run gbọ́. Ọmọ Ṣọ́ọ̀ṣì ni òun bíi tèmi, òun kì í ṣe Àládùúrà. Ó kàn bi mí lẹ́ẹ̀kan bóyá kò sí ẹnikẹ́ni lóòótọ́. Mo ní kò sí. Ó ní ó dáa.

Sátidé tó ṣáájú àdúrà àkọ́kọ́, mo tún múra, mo jáde. Bí mo ti jókòó sídìí fèrèsé ni mo rí àfẹ́sọ́nà mi ní ìsọ̀ télọ̀ tó wà ní òdìkejì ọ̀nà. Ó na apá, wọ́n ń wọ̀n ọ́n. Télọ̀ náà wọn apá kan ṣoṣo yẹn títí mo fi jẹ dòdò mi tán. Inú kọ́kọ́ bí mi. Nígbà tó yá, mo gbàgbé rẹ̀. Èyí ni n kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni nígbà náà: mo gbàgbé rẹ̀ pátápátá. Ewúrẹ́ kan yọ sí gáréèjì, ó já ìwé gbà lọ́wọ́ agbèrò, ó ń jẹ ẹ́ lọ, agbèrò ń sáré tẹ̀lé e, ó ń fi ìyá ewúrẹ́ bú u. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Nígbà tí mo gbójú sókè, àfẹ́sọ́nà mi dúró níwájú tábìlì mi.

"O ò rẹ́rìn-ín báyìí rí lọ́dọ̀ mi," ló wí.

Mo ní ewúrẹ́ ni. Ó ní òun náà rí ewúrẹ́ náà.

Kò gbé ohùn sókè. Ó ní òun á bá àwọn ará ilé òun sọ̀rọ̀, kò sí ẹni tí yóò gbàdúrà lé mi lórí. Ó wá ní, "Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ra wa, ṣé wàá fi Sátidé sílẹ̀? Kì í ṣe nítorí tiwọn. Nítorí tèmi."

Èsì tó yẹ kí n fún un kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ. Tíṣà ni mí, ọ̀rọ̀ kì í wọ́n mi. Mo wo ojú rẹ̀, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ní ìṣẹ́jú náà ju bí mo ti fẹ́ràn rẹ̀ rí lọ. Ọ̀rọ̀ náà kò jáde. Àfẹ́sọ́nà mi ní kò burú, ó sì rọra jáde sójú ọ̀nà.

Ó dùn mí wọra. Mo ti dìde láti sáré tẹ̀lé e kí n tó wo àwo mi, tí mo rí i pé ìrẹsì tó kù ti ń tutù. Mo padà jókòó. Mo jẹ ẹ́ tán kí n tó sunkún.