Ìdajì Orí Tí Ìyá Ẹ̀pẹ́ Dì

Alájọgbé mi fi òróró àgbọn para láàárọ̀ yìí, ọkàn mi sì bàjẹ́ bí ẹni pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù nǹkan ni. Òróró yẹn ni Ìyá Ẹ̀pẹ́, ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi, máa ń fi pa mí lórí. Wọn ò bímọ, ni ẹbí bá fi mí sọ́dọ̀ wọn, pé ọmọ ní í pe ọmọ wá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n ti di ìdajì orí mi nígbà tí màmá mi wọlé láti Ìkòròdú.

"Ìyálé mi, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ mi ò rí ẹnì kankan pè wá fún yín. Mo fẹ́ máa mú un lọ."

"Jẹ́ kí n dì í tán, ìyàwó."

"Ṣé ẹni tí ò bímọ mọ orí ọmọ dì ni?"

Ọwọ́ Ìyá Ẹ̀pẹ́ dúró nínú irun mi. "Ọlọ́run ò ṣèèṣì dá mi. Bí mo bí, bí n ò bí, oore-ọ̀fẹ́ rẹ̀ tó mi."

Inú mi ń dùn pé mo máa wọ mọ́tò, ẹ̀rù sì tún ń bà mí, mi ò mọ ìdí. Mi ò mọ̀ pé Ìyá Ẹ̀pẹ́ ò ní bímọ láéláé, àti pé wọn ò ní yí ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ yẹn padà.

Kí mọ́tò wa tó dé Ìkòròdú, màmá mi ti tú ìdajì tí wọ́n dì.