Ibi Tí Kò Sí Wàásù Lórí Rédíò

Bí mo bá ki íápíìsì bọ etí níbi iṣẹ́, ariwo ṣììì ni mo máa ń gbọ́. Abọ́ irin ràgàjì tó kọjú sí ọ̀run la fi ń gbọ́ afẹ́fẹ́ háídírójìn inú àwọn agbo ìràwọ̀ tó jìnnà, ká lè wọn bó ṣe pọ̀ tó. Ẹ má fajú ro, mi ò ní bi yín léèrè.

Ìlú Ìwó ni ariwo yẹn máa ń gbé mi lọ, sí ọ̀sán ààwẹ̀ kan ní ọ̀ọ̀dẹ̀ Bàbá àgbà. Òórùn epo gbígbóná ń bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé, níbi tí Ìyá àgbà ti ń dín àkàrà ìṣínu. Wàásù ń lọ lórí rédíò, Bàbá sì ti sùn lọ. Mo yí bọ́tìnì títí mo fi dé ibi tí kò sí ẹnikẹ́ni, àfi ṣììì. Mo gbé etí lé e.

“Ta ló pa wàásù mi?” Bàbá ti jí.

“Èmi ni, Bàbá. Ẹnì kan wà níbí.”

“Àlùjànnú ni!” Ìyá àgbà ké láti ẹ̀yìnkùlé. “Ẹ gbà á lọ́wọ́ ẹ̀!”

“Bó bá jẹ́ àlùjànnú, Ìyá, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ohun tó ń wí.”

“Ọmọ yìí!” ni Bàbá wí. “Kúnlẹ̀, kóo dá wàásù mi padà! Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, o ò ní fọwọ́ kan rédíò yìí mọ́ láéláé.”

Díẹ̀ nínú ariwo yẹn ti àárín ìràwọ̀ wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n Bàbá ti jáde láyé kí n tó mọ̀ ọ́n.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, bí ọmọ tí a kọ́. Mo gbé rédíò lé itan, mo sì yí ohùn ṣììì náà sókè.