Orogún Màmá Mi Tó Ń Gbé Inú Àwo Orin

Òórùn sítáàṣì lábẹ́ áyọ́ọ̀nù eléèédú ni mo fi máa ń mọ̀ pé Sátidé ti dé. Bàbá mi kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wọn lọ ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ wọn. Nínú fúláàtì wa ní Jakande, Ìlàsan, wọ́n á fi àkísà rírọ̀ nu àwo orin kan, wọ́n á gbé e sórí ẹ̀rọ, wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í lọṣọ.

Obìnrin àgbàlagbà kan ló ń kọrin inú àwo náà. Àwòrán rẹ̀ wà lára páálí àwo náà: aláwọ̀ dúdú bíi tiwa, irun rẹ̀ funfun, ó gé e mọ́lẹ̀, ó sì dijú bí ẹni tí eyín ń dùn. Bàbá ní jáàsì ni wọ́n ń pe irú orin bẹ́ẹ̀, pé àwọn orin àtijọ́ tí gbogbo akọrin wọn ti kọ kọjá ló tún ń kọ. Orin ìfẹ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀, ìyókù sì jẹ́ búlúùsì, ìyẹn orin ìbànújẹ́. Búlúù tí èmi mọ̀ kò ju èyí tí Màmá ń pò sínú omi aṣọ funfun lọ. Mo wo páálí náà títí, n ò rí búlúù kankan.

Màmá mi, tí ẹnu wọn kì í sinmi, á pariwo láti kíṣìnì: "Ẹ jẹ́ kí orogún mi sinmi o! Ó ti ń ké láti àárọ̀." Bàbá, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín, á rẹ́rìn-ín. Màmá á ní, "Ṣé ẹ rí i, ohun tó wuni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni."

Mo mọ ohun tí orogún jẹ́. Ìyá Ṣàkírà tó ń ta búrẹ́dì nísàlẹ̀ ilé wa ní orogún, ìjà wọn kì í sì í tán. Ibi orin kan sì wà tí obìnrin inú àwo á ti fa ohùn gùn, tí á ní kí Bébì máa bọ̀ nílé. Bébì sì ni gbogbo ilé ń pè mí.

Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn. Àbí obìnrin inú àwo yìí ló bí mi, tí Màmá kàn ń bá a tọ́ mi? Bí Màmá bá ń dirun fún mi, màá yíjú wò wọ́n, màá máa wá imú mi lójú wọn. Ẹ̀rù kò jẹ́ kí n béèrè.

Ní Sátidé kan, Bàbá gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀. "Bébì, wọ bàtà ẹ. À ń lọ kí ẹnì kan ní Ajah, wọ́n ti ń béèrè ẹ tipẹ́." Mo di ìró Màmá mú. Wọ́n ní kí n má fa aṣọ àwọn ya. Nínú bọ́ọ̀sì, mo tẹjú mọ́ títì ẹsipirẹ́sì. A kọjá géètì ẹ́sítéètì VGC, mo ń ṣe àmì sọ́kàn, kí n lè mọ̀nà bí mo bá sá wálé.

A kan ilẹ̀kùn. Ìyá àgbàlagbà kan yọ, irun wọn funfun, wọ́n gé e mọ́lẹ̀. Wọ́n nawọ́ sí mi: "Bébì mi! Máa bọ̀ nílé, jàre."

Mo figbe ta. "Ẹ má gbà mí lọ́wọ́ Màmá mi! Mi ò fẹ́ gbọ́ orin yín mọ́!"

"Orin kẹ̀? Èmi tí wọ́n lé kúrò nínú kúáyà ṣọ́ọ̀ṣì?"

Ẹ̀gbọ́n Bàbá mi ni. Ikú ọkọ wọn ló mú wọn gé irun. Bàbá kúnlẹ̀ sínú iyanrìn, wọ́n gbá mi mọ́ra. "Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Kí ló dé tí o ò bi mí?" Nígbà tí Màmá gbọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́, wọ́n sì pọ̀n mí, bí mo ṣe tóbi tó.

Addo, lápá Ajah, ni mò ń gbé báyìí. Mo ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, mo sì mọ̀ pé olólùfẹ́ ni wọ́n ń pè ní bébì nínú orin. Bàbá ti kú. Màmá wá ń gbé lọ́dọ̀ mi, wọ́n gbé àwo náà àti ẹ̀rọ rẹ̀ dání. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo ń lọṣọ, mo rí omijé lójú wọn, mo sì fẹ́ pa orin náà.

"Fi í sílẹ̀," wọ́n ní. "Jẹ́ kí èmi àti orogún mi jókòó, àwa opó méjèèjì."

Mo gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀. Obìnrin náà fa ohùn gùn, ó ní kí Bébì máa bọ̀ nílé. Nígbà èwe mi, ẹ̀rù ń bà mí pé èmi ló ń pè. Lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú gbogbo Gẹ̀ẹ́sì mi, mo bojú wo ẹnu ọ̀nà, bóyá Bàbá gbọ́.