Òwú Ìránṣọ láti Àkúrẹ́ dé Bìní

Ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Ògún, lásìkò ìsinmi tí ó tẹ̀lé ìwé karùn-ún mi, òórùn iṣu tuntun tí ìyá mi ń sun ni ó jí mi nílé wa ní Ọ̀wọ̀. Ọjọ́ náà ni Àǹtí Fúnkẹ́, àbúrò bàbá mi, yóò ṣe ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Bìní, ní agogo méjìlá. Èmi ni wọ́n yàn láti gbé òdòdó ṣíwájú ìyàwó.

Bàbá mi, òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó ń wọn ilẹ̀, kì í fara mọ́ àfojúdá. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú, ó na òwú ìránṣọ ìyá mi lórí máàpù, láti pápákọ̀ òfúrufú Àkúrẹ́ dé ti Bìní, ó sì ní kí n fi rúlà wọ̀n ọ́n. Ó lé díẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún kìlómítà. A ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú eré bàálù: kò tó ìdajì wákàtí! Mo fò sókè, nítorí n kò wọ bàálù rí.

"Mọ́tò Bìní ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà wa níbí," ni ìyá mi wí. "Bàbá Yétúndé, ṣé ẹ ti bèèrè lọ́wọ́ ẹnì kan?"

"Ìṣirò ti dáhùn."

"Ó dáa. Bí mo bá ṣáájú yín débẹ̀, itan adìyẹ yín di tèmi."

Láàárọ̀ Sátidé náà, ìyá mi wọ mọ́tò gba ọ̀nà Ìfọ́n lọ sí Bìní. Èmi àti bàbá mi kọjú sí Àkúrẹ́, èmi nínú aṣọ funfun, òdòdó lórí orúnkún mi. Ní pápákọ̀ òfúrufú, ọkùnrin tí ó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì wo òdòdó náà, ó wo máàpù bàbá mi.

"Bàbá, Èkó ni tiwa ń lọ. Kò sí èyí tó ń lọ Bìní. Àfi kí ẹ dé Èkó ná, kí ẹ tó wọ òmíràn." Ó rẹ́rìn-ín sí mi. "Ìyàwó kékeré, ẹ tètè wá mọ́tò o!"

Bàbá mi ká máàpù rẹ̀, a sì lọ wọ mọ́tò Bìní. Ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá àbọ̀, mọ́tò wa kọjá níwájú ilé wa gan-an. Ewúrẹ́ aládùúgbò ń jẹ èèpo iṣu tí mo dà nù láàárọ̀. Bàbá mi yíjú sí òdìkejì títì. Nígbà tí n kò lè pa ẹ̀rín mi mọ́ra mọ́, òun náà bú sẹ́rìn-ín.

Ìsìn ti parí kí a tó dé. Àfi bí mo ṣe rí Àǹtí Fúnkẹ́ tí ó dúró gbọin lẹ́nu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì.

"Mo ní n kò ní jáde láìsí olódòdó mi! Yétúndé, bọ́ síwájú, ẹsẹ̀ ń ro mí."

Mo ṣíwájú rẹ̀ jáde. Níbi oúnjẹ, ìyá mi gbé itan adìyẹ méjèèjì sínú àwo rẹ̀, ó sì fi ọ̀rọ̀ tí bàbá mi fi ń kọ́ wa lójoojúmọ́ bá a ṣẹ̀fẹ̀: "Abéèrè kì í ṣìnà."

Lónìí, iṣẹ́ máàpù ni èmi náà ń kọ́ àwọn ọmọ. Ọmọ tí mo jẹ́ nígbà náà gba rúlà gbọ́ ju ìyá rẹ̀ lọ. Àgbà tí mo dà a máa bèèrè kí ó tó wọ̀n. Òwú náà ṣì wà nínú àpótí mi. N kò tíì pàdé ẹni tí ó fò tààrà láti Àkúrẹ́ dé Bìní, nítorí náà, n kò mọ iye ìṣẹ́jú tí ó ń gbà ní tòótọ́.