Limota Tísà Níwájú Àwọn Òṣìṣẹ́ Báǹkì

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni Limota Abọ́dẹrìn fi kọ́ àwọn ọmọ Ọ̀kà níwèé kó tó fẹ̀yìn tì. Ojú rẹ̀ ṣì ríran, etí rẹ̀ kò di, kò sì gbàgbé orúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ní báǹkì tó ti ń gba owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ní Ìkàrẹ́, gbogbo èyí kò já mọ́ nǹkan kan. "Màmá" ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, ẹni tó bá tẹ̀ lé Màmá wá ni wọ́n sì ń bá sọ̀rọ̀.

Kò bímọ. Kamaldeen, ọmọ àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ló ń gbé e lọ. Nígbà tí orúnkún ń dùn ún, ọmọkùnrin náà gba káàdì ATM rẹ̀, ó ní òun yóò máa bá a gba owó wá. Lóṣù kìíní, owó pé. Lóṣù kẹta, ó ní báǹkì ti yọ díẹ̀. Nígbà tó di oṣù kẹfà, Kamaldeen ti ra ọ̀kadà tuntun, Limota sì ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láwìn.

Ó wọkọ̀ lọ sí Ìkàrẹ́ fúnra rẹ̀. Rachel, ọmọbìnrin tó wà ní kántà, ń tẹ fóònù bí Limota ṣe ń rojọ́.

"Màmá, ta ló tẹ̀ lé yín wá?"

"Èmi nìkan ni. Ẹ bá mi dá káàdì yẹn dúró."

"Ẹ fara balẹ̀ o. Ẹ̀yin àgbà máa ń gbàgbé nǹkan."

Adébíyìí, máníjà wọn, jáde, ó wò ó láti òkè délẹ̀, ó sì pe Kamaldeen lórí fóònù. "Ìyá yín wà níbí. Ọkàn wọn kò pa pọ̀. Ẹ wá mú wọn lọ sílé." Olè tí obìnrin náà wá fẹjọ́ rẹ̀ sùn ni wọ́n ní kó wá mú un. Nígbà tó dé, wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n ní ọmọ tó mọ ìtọ́jú ni.

Limota kò sunkún lọ́nà Ọ̀kà.

Lẹ́yìn oṣù méjì, báǹkì náà rán obìnrin kan tó ń jẹ́ Tósìn wá láti oríléeṣẹ́ wọn ní Àkúrẹ́, kó wá kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe máa dá àgbàlagbà tí ará ilé ń jà lólè mọ̀, àti bí wọn yóò ṣe fi tó ọ̀gá létí. Tósìn ní òun fẹ́ àgbàlagbà kan tí àwọn yóò fi ṣe àpẹẹrẹ. Adébíyìí ní òun mọ ìyá jẹ́jẹ́ kan ní Ọ̀kà, ó sì rán mọ́tò lọ gbé e.

Àwọn òṣìṣẹ́ jókòó, wọ́n so táì, wọ́n ń kọ̀wé. Adébíyìí na ọwọ́ sókè, ó ní, "Ohun àkọ́kọ́ ni ká bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀ ní òun nìkan." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Limota gbé méètì páì tí wọ́n fún un lé itan, ó ń wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tó há ìwé sórí láìmọ ìtumọ̀ rẹ̀.

"Màmá," Tósìn ní, "ẹ ṣe bí ẹni tí ẹbí ń kó lówó. Ẹ wá fẹjọ́ sùn."

"Ṣé kí n ṣe é bí mo ṣe ṣe é níbí lóṣù méjì sẹ́yìn?"

Ó dìde, ó dúró níwájú Rachel, ó tún ẹjọ́ náà rò láìfi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Adébíyìí. "Ó ku tiyín. Ẹ pe olè náà."

Adébíyìí rẹ́rìn-ín, ó ní eré Màmá dùn. Kò sẹ́ni tó bá a rín in. Tósìn mú Limota wọ yàrá kan, àwọn méjèèjì nìkan, ó sì gbọ́ ọ dé òpin. Kí wọ́n tó jáde, káàdì náà ti dẹ́kun iṣẹ́, ẹjọ́ ti dé Àkúrẹ́.

Kamaldeen wá dọ̀bálẹ̀. "Ìyá, iṣẹ́ èṣù ni."

"Káàdì mi kò sí lọ́wọ́ èṣù," ló fèsì. "Lọ ta ọ̀kadà yẹn." Ó sì tà á.

Rachel náà wá sí Ọ̀kà, ó kúnlẹ̀. Limota fún un lómi mu, ó bi í níbi tó ti kàwé. Nígbà tó dárúkọ yunifásítì náà, Limota ní, "Wọ́n jẹ owó bàbá rẹ lásán."

Adébíyìí kò wá. Wọ́n ti gbé e lọ sí Ìṣùà, níbi tó ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ mìíràn bí a ṣe ń dáàbò bo àgbàlagbà.